Ìyá Tó Padà Wá Nínú Fíìmù

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti ọjà ńlá Warri lọ sí Edjeba ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì.

"Mọ́mì, olùkọ́ wa ní gbogbo ohun tí àwọn onífíìmù bá gbé síwájú yín lẹ máa ń gbé mì."

"Ta ló ń gbé mì? Èmi tí mò ń túmọ̀ fíìmù Yorùbá sí Píjìn fún àwọn ará ìsọ̀ wa? Bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ bẹ ọkọ tó nà án, mo máa ń sọ fún wọn pé yẹtí ẹ̀ tó já bọ́ ló ń wá."

"Ah, Mọ́mì! Àṣírí yín ò tú?"

"Ó tú tipẹ́. Wọ́n ní, 'Mama, na your own sweet pass.'"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. "Èyí tá a wò nígbà tí mo wà ní kékeré ńkọ́, tí mi ò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa? Èyí tí ìyá yẹn padà wá mú ọmọ ẹ̀?"

"Kò padà wá nínú fíìmù o. Ẹkún ẹ ni ò dá, ni mo bá mú un padà wá."