Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Sókà Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Mi ò sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti bí ọdún mẹ́ta, mo rò pé ó ti dà nínú mi, àṣé kò dà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Deira, ní Dubai níbí, ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ó máa padà wá gbọ́ èsì. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Oníṣòwò ni mí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò òfìfo ni mò ń tà, èyí tí àwọn èèyàn ń gba fíìmù sí. Ní páálí-páálí ni mo ń rà á ní Dubai, tí mo ń fi kọ̀nténà kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Àdúgbò Al Baraha ni mò ń gbé, èmi àti páálí la jọ ń sun yàrá kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wà nínú kọ̀nténà kan, nítorí náà a máa ń kun àmì oníbàárà kọ̀ọ̀kan sára páálí rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa kun àmì yìí ni Bàbá Sókà. Àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kun pátákó fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá á kọ lẹ́tà Lárúbáwá rèǹtèrente, wọn ò sì lè ka ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ìwé ìrìnnà Thailand ló wà lọ́wọ́ wọn, torí náà "Bàbá Thai" ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń pè wọ́n.

Èmi nìkan ni wọ́n sọ òtítọ́ fún. Ọmọ Khmer ni wọ́n, láti Cambodia. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, fíìmù Yorùbá kan ni mò ń wò, Bàbá sì ń kun páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ òṣèré ọkùnrin kan tó ń pariwo, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Òyìnbó kàtíkàtí tó ní Lárúbáwá nínú la jọ máa ń sọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, ẹnu ọkùnrin yìí ló ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ń sùn."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ nípa fíìmù ni?"

Wọ́n kàn ń wò mí. Omi rọra gbára jọ lójú wọn, títí ẹ̀kán kan fi bọ́ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Khalas, ó tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọmọ olóko ìrẹsì ni Bàbá. Ìgbà tí wọ́n dé Phnom Penh, olú-ìlú wọn, pátákó ńlá iwájú ilé sinimá ni wọ́n ń kun. Lọ́jọ́ kan, òṣèré kan kò wá síbi iṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ bá ní kí ọmọ tó ń kun pátákó wọ aṣọ rẹ̀, kó dúró síwájú kámẹ́rà. Bí Bàbá ṣe di òṣèré nìyẹn. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi di ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kun sórí pátákó. Wọ́n ṣe ọmọ ọba, wọ́n ṣe ọmọ ogun, wọ́n bá òmìrán jà. Wọ́n ní tí àwọn bá wọ ọjà, àwọn ẹlẹ́ja á gbàgbé ẹja tí wọ́n ń tà. Mo kọ́kọ́ rò pé fọ́ńté àgbà lásán ni.

Òṣèré ni ìyàwó wọn náà, ó sì máa ń kọrin. Àwọn méjèèjì jọ ṣe fíìmù kan, nípa apẹja kan tó fẹ́ obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn apànìyàn gba ìjọba ilẹ̀ wọn. Wọ́n lé gbogbo ará ìlú lọ sí oko. Olùkọ́, akọrin, òṣèré, ẹni tó bá ṣáà ti lókìkí, pípa ni. Bàbá purọ́ fún wọn pé kẹ̀kẹ́ akérò ni àwọn ń wà, pé àwọn ò mọ̀wé. Wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ òṣèré tí àwọn ṣe jù láyé àwọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún ìyàwó wọn pé kò gbọdọ̀ kọrin mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń gbin ìrẹsì nínú omi lọ́jọ́ kan, orin bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹnì kan dá ohùn náà mọ̀. Bí àwọn apànìyàn yẹn ṣe ń wọ́ obìnrin náà lọ, wọ́n yíjú sí Bàbá, wọ́n ní ṣé ó mọ̀ ọ́n. Bàbá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Bàbá lẹ́jọ́. Èmi ni kí ẹ dúró dè.

Gbogbo fíìmù tí Bàbá ṣe ló jóná tàbí tó jẹrà. Fíìmù apẹja yẹn nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ wọn kan rí i ní Bangkok, ó gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan kí fíìmù gangan tó bàjẹ́ pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló wà lọ́wọ́ Bàbá ní Sharjah. Kò sí fọ́tò ìyàwó wọn kankan láyé yìí. Mo bá wọn wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí obìnrin náà bá ti yọ látinú omi, Bàbá á dìde dúró, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ fún un. Wọ́n ní, "Mò ń sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Bàbá pé kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń gbó. Wọ́n gbé e fún mi pé kí n bá wọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Satwa, ṣebí èmi ni mo mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní kò sí wàhálà. Mo gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n mi. Òní lọ, ọ̀la lọ, mi ò tíì débẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyá mi kú ní Ìjẹ̀bú. Mi ò lè lọ sin wọ́n. Tí mo bá jáde, fíísà mi ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, ẹrù oníbàárà sì wà nílẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London náà kò lè lọ. Ẹ̀gbọ́n Múfú, oníṣòwò bíi tèmi, ló gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú náà bọ̀ láti Èkó. Àbúrò mi ni wọ́n ń gbé e lọ fún. Wọ́n kàn yà sọ́dọ̀ mi fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù, kí n lè fojú kàn án.

Mo rí pósí ìyá mi. Mo rí àwọn tó ń da erùpẹ̀ lé e, tí kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní dandan ni kí n ní tèmi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ fídíò méjì wà nílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì fún Jímọ̀, èmi náà ò sì ní ẹyọ kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò sí nínú páálí.

Ẹ wá wò mí o, èmi tí mò ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, tí páálí rẹ̀ kún yàrá dé àjà. Ẹ̀gbọ́n Múfú ní, "Àbúrò, já páálí kan now! Yalla, ṣe kíá, flight ò ní dúró dè mí."

Mo ní rárá. Gbogbo páálí yẹn ló ti gba àmì, lọ́jọ́ kejì ni kọ̀nténà máa kó wọn. Páálí tí wọ́n bá ti já, oníbàárà Èkó ò ní gbà á, á ní a ti yọ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí lọ́jà ni pé páálí tèmi kì í já. Nítorí orúkọ yẹn, mo nawọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé àṣìṣe ni. Ike pẹlẹbẹ kan máa ń wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá ti kán an dànù, ẹ̀rọ ò ní gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́. Bàbá ti kán tiwọn. Èmi ni mo ká bébà, tí mo kì í bọ ojú ihò yẹn, tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé fíìmù kì í jẹ́ ẹyọ kan. Èmi tí mò ń rí fíìmù kan náà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kásẹ́ẹ̀tì, orí mi ò gbà pé kásẹ́ẹ̀tì kan lè wà tí kò ní èkejì. Bàbá ti sọ fún mi. Mo gbọ́, mi ò kàn gbà ni. Mo ní wọ́n á rí òmíràn ní Bangkok.

Ìsìnkú ìyá mi gùn ju fíìmù Bàbá lọ. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà dé òpin, mo ń wá bóyá díẹ̀ ṣẹ́ kù. Kò sí odò, kò sí apẹja, kò sí obìnrin kankan.

Nígbà tí Bàbá béèrè kásẹ́ẹ̀tì wọn, mo ní àwọn agbófinró ya wọ ṣọ́ọ̀bù Satwa yẹn, pé wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lọ. Irọ́ gbuu ni. Mo fẹ́ fi ẹ̀bi náà sí ọrùn ẹni tí Bàbá ò ní lè lọ bá.

Bàbá ní àwọn máa lọ bá wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Fíísà yín ti kú. Wọ́n á tì yín mọ́lé."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti bi mí nípa obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Òtítọ́ dé ètè mi, mo gbé e mì. Èmi náà ni mo bá wọn dá takisí dúró. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn.

Wọn ò padà wá. Lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti Bàbá mọ́lé, pé wọ́n sì dá wọn padà sí Thailand. Mi ò lọ wò wọ́n ní àtìmọ́lé. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọbìnrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi yẹn, ọmọ Bàbá Sókà ni. Ìkókó ni nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ gbé e sá kúrò ní Cambodia, ilẹ̀ Faransé ló ti dàgbà. Bàbá rò pé ó ti kú ni. Ìgbà tí wọ́n lé Bàbá kúrò níbí, tí Bàbá ti Thailand padà sí Cambodia, ni bàbá àti ọmọ tó ríra. Ní báyìí, Bàbá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì jọ pé wọ́n máa dìde. Wọ́n ní kí ọmọ wọn wá mi kàn ní Deira. Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ àwọn, olóòótọ́ èèyàn, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà, òun ni. Ọmọ náà ń lọ sí Faransé nígbà tó yà sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa gba Dubai padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní tí kò bá sí lọ́wọ́ mi, òun fúnra òun máa lọ bá àwọn agbófinró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Tí mo bá jẹ́wọ́, ohun tí Bàbá máa gbọ́ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á kú síbi tí wọ́n ti ń retí. Ṣé kí n wọ bàálù lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì wọn ni? Ṣé kí n sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì ni?

Kí ọmọ náà tó lọ, ó bi mí bóyá mo bá bàbá òun wo fíìmù náà rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá bi bàbá òun bí ìyá òun ṣe rí, ẹkún ni wọ́n ń sun, wọn kì í lè sọ ọ́. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ìyá mi ṣe rí?"

Mo gbójú sókè wò ó. Iwájú orí yẹn ni, ẹyinjú yẹn ni, ẹnu yẹn gan-an ni. Obìnrin tí mo pa rẹ́ ló dúró sí iwájú káńtà mi tó ń bi mí bí òun ṣe rí.

Mo ní mi ò rántí.