Ṣíbí Ògì Mẹ́ta

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ń ṣọ́ mímí wa nígbà tí a bá sùn.

Tẹ̀mítọ́pẹ́, ọmọ Bùsọ́lá ọmọ mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ihò sì wà nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn dókítà ní àwọn yóò gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ wọlé láti dí i, àwọn yóò sì fún un ní oògùn oorun. Oògùn oorun yẹn ni n kò fọkàn tán. Ta ló mọ ìwọ̀n tí wọn yóò fún un? Wọ́n tún ní kó má jẹun láti alẹ́ títí wọn yóò fi ṣe é. Mo ní, ẹ̀tàn! Ọmọ tí ebi ti pa tán, báwo ni yóò ṣe jí? Bí Bùsọ́lá ṣe wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo fún ọmọ ní ògì, ṣíbí mẹ́ta péré. Mo nu ẹnu rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead dé Woolwich Arsenal, a wọ reluwé, n kò jẹ́ kí Bùsọ́lá mọ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Bùsọ́lá ní, "Lánàá, aago méje alẹ́." Dókítà dé, ìbéèrè kan náà.

Mo rọra sọ fún Bùsọ́lá pé, "Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù ni."

"Mummy, please!"

Ọkùnrin kan tún wọlé, òun náà bi wá. Mo ní, "Dókítà, kí ni iṣẹ́ tiyín gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni màá fún un ní oògùn oorun. Ibi orí rẹ̀ ni màá jókòó sí, mà. Mímí rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ nìkan ni màá máa wò. Tó bá ti sùn, oúnjẹ inú rẹ̀ lè gòkè, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn."

Olùkọ́ ni mí. Mo ti ṣọ́ ìdánwò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ iṣẹ́ ẹni tó kàn jókòó, tó ń wò.

Mo ní, "Mo fún un ní ògì."

"Mummy! Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

"Ṣíbí mẹ́ta péré."

Tẹ̀mítọ́pẹ́ ní, "Four, Grandma."

Wọ́n dá wa padà sílé. Àwọn kan nínú yín pè mí, ẹ ní ọ̀tá ló dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe: kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Ọlọ́run ló tú ahọ́n mi.

Nígbà tí a máa padà lọ, Bùsọ́lá ti gbé gbogbo ògì ilé fún aládùúgbò. Láti ẹnu ọ̀nà, mo rí ọkùnrin yẹn tó jókòó síbi orí ọmọ. Wọ́n dí ihò náà. Ọmọ jí, ó ní ebi ń pa òun. Mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì!

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Jésù. Ẹni tó bá sì máa tún ẹ̀rí yìí sọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí mẹ́rin ni.