Èmi Ni Mo Ń Já Ìlà Tí Ìyàwó Mi Ń Tún Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ìyàwó mi fẹ́ fẹ̀yìntì lọ́dún yìí. Ó ní ọkàn òun ò ní balẹ̀ àfi tí òun bá mọ àrùn tó ṣe ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì kan láyé àtijọ́. Èmi ni àrùn náà.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì parí ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń gba inú wáyà tẹlifóònù wọlé, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ní Benson, Ìkòròdú. Àwọn tó ní dìgírì ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Linux ni àwọn tó bá mi tò ó kó sínú kọ̀ǹpútà tó ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo kàn ń fi orúkọ ẹ̀ ṣe fáàrí ni. Nígbà tí ìlà ń já, ọ̀gá kan tó ń tún íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ní Ẹ̀pẹ́ rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mùínà wá. Ó rí wáyà kan tó ti dípẹtà, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó lọ. Kò tiẹ̀ wojú mi, èmi tí àwọn obìnrin ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé tẹlifóònù tó wà ní yàrá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun àti íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń lo wáyà kan náà ni. Mo gbọ́ ariwo bíi ti ẹja nínú epo gbígbóná. Àwọn kọsítọ́mà kígbe pé ó ti já. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ mi máa ń yá.

Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n sọ fún wọn. Mo ránṣẹ́ pe Mùínà.

Ó wá di àṣà. Tí àárò ẹ̀ bá ti sọ mí, màá gbé tẹlifóònù. Ó máa wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó máa dín ìyára módẹ́ẹ̀mù kù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà, ó máa ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, 'ìlà já' nìkan ló ń kọ. Ṣé tẹlifóònù míì wà lórí wáyà yìí?"

Mo ní kò sí. Mo ní kó jẹ ẹja díẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ kan, kọsítọ́mà kan ní, "Sìsí, àbí ìwọ lò ń bà á jẹ́ kí wọ́n lè máa pè ọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú Mùínà pọ́n. Ó ní tó bá tún já, ẹlòmíì ni ọ̀gá òun máa rán wá.

Mo wọ yàrá, mo fa tẹlifóònù yẹn yọ lára ògiri. Ìlà dúró digbí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o."

"Ẹ̀rù ẹ ló bà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wojú mi. Bí mo ṣe gbé tẹlifóònù títí mo fi gbé ìyàwó nìyẹn. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. A bí Ràṣídì, a kọ́lé, a ṣì jọ ń ṣeré.

Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní Ìkòròdú níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá tẹlifóònù míì wà. Mo bi Bàbá Ràṣídì, ó ní kò sí. Mo gbà, torí kì í parọ́ fún mi."

Mo yí padà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti fi irọ́ fẹ́ ìyàwó rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ tí ẹ jẹ́wọ́? Mo fẹ́ sọ ọ́ kó tó fẹ̀yìntì. Mo kàn fẹ́ kó rẹ́rìn-ín kó tó bínú ni.