Ọ̀nà Òkè Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Fà Gùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù lọ́rùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi kú. Àmọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Kou pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ọjọ́ náà, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ẹnjiníà ni mí, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Congo Town, ní Monrovia níbí. Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, ibi iṣẹ́ mi rán mi lọ sí abúlé kan lórí òkè ní agbègbè Nimba, tó jìnnà sí Monrovia. Àwọn ará abúlé náà fẹ́ fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀. Wọn ò dúró de ìjọba. Abẹ́ ahéré ìpàdé wọn ni wọ́n ti pinnu gbogbo ẹ̀: àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀, àwọn tó máa ru òkúta, àwọn tó máa se ìrẹsì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi: kí n fi ibi tí ọ̀nà máa gbà hàn wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo yẹn náà ni mo bà jẹ́.

Kou ni olórí àwọn obìnrin tó ń ru òkúta. Ẹnu ẹ̀ mú! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹnjiníà, ṣé ilẹ̀ ló le ni, àbí ọwọ́ ẹ ló rọ̀?" Háà, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Tí mi ò bá tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ kì í yá mi.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan gba ara àpáta kan sọ̀kalẹ̀ tààrà, èkejì yí òkè ká. Ẹ jọ̀ọ́, àpáta yẹn ò le. Mo fi òòlù gbá a, ó fọ́. Àmọ́ tí a bá gba ibẹ̀, iṣẹ́ á tètè parí, wọ́n á sì pè mí padà sí Monrovia. Mo dúró níwájú àwọn àgbà, mo ní àpáta náà ò ṣeé fọ́. Baálẹ̀ wọn ní, "Ọmọ mi, ibi tó o bá ní ká gbà la máa gbà." Ó gbà mí gbọ́. Síbẹ̀, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀nà gígùn yẹn. Ọwọ́ wọn bó. Èmi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ànàmọ́ tí Kou sè, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ọ̀nà parí, mo padà sílé láìsọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Ojo ni mí. Ó fẹ́ ọkọ, èmi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Títí dòní, tí obìnrin kan bá rẹ́rìn-ín sókè ní Randall Street ní Monrovia níbí, ọrùn mi á yí kí n tó mọ̀.

Kou wá pè, ó ní ìyá òun ti kú. Wọ́n gbé e lé ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn, ó dákẹ́ níbi tí ọ̀nà ti yí gba ẹ̀yìn òkè. Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹnjiníà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Tí kì í bá ṣe ọ̀nà tó o bá wa là, inú ilé ni ì bá kú sí."

Ẹ gbà mí o! Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní òjò ti wó apá kan ọ̀nà náà lọ. Tí òjò bá dá, gbogbo abúlé máa tún un gbẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí n wá fi ibi tí wọ́n máa gbà hàn wọ́n, bíi ti ìjọ́sí.

Mo mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Mo ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yẹn. Tí mo bá fi àpáta náà hàn wọ́n, Kou máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ nígbà tí ìyá òun wà láyé. Tí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á tún fi ọwọ́ wọn gbẹ́ irọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ìfẹ́ ti sọ di òmùgọ̀ rí, kí ni kí n sọ fún un? Ó ní òun máa pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀rù ìpè náà ń bà mí, àárò ohùn ẹ̀ sì ń sọ mí.