Ojú Mi Ni Daddy Bùnmi Ń Kí Láràárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹni tó bá mọ̀ mí ládùúgbò wa ní Ìkòsí mọ̀ pé aláwàdà ni mí. Mi ò lè kọjá lára ènìyàn kí n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ẹ̀rín nínú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń jẹ mí nínú, mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún pásítọ̀. Lẹ́tà kan tó wà nínú báàgì mi ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Bó bá fi lè dé ibi tó ń lọ, mo ti ba ilé onílé jẹ́ nìyẹn.

Tíṣà ni mí. Ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kétu. Ọmọ Ìbàdàn sì ni mí; ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo fẹ́ràn àwòrán ayé àtijọ́, pàápàá jù lọ àwòrán ogun. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi bí àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ sójú ogun ṣe ń ṣe é. Dígí pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ti da oògùn sí i lára nínú àgọ́ tó ṣókùnkùn, wọ́n á yára gbé e jáde, ẹni tí wọ́n sì ń yà kò gbọdọ̀ mira rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè rí ẹni tó ń sáré nínú àwòrán ogun ìgbà náà. Àgọ́ ni wọ́n ń yà, àti ìbọn ńlá, àti òkú, torí pé òkú kì í mira. Mo tún máa ń sọ pé àwọn kan nínú wọn máa ń gbé òkú kúrò níbi tó ṣubú sí lọ síbi tí àwòrán á ti dára. Mo máa ń bú àwọn wọ̀nyẹn gan-an. Mo ní òpùrọ́ ni wọ́n. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Aládùúgbò mi ni Daddy Bùnmi, ilé wọn kọjú sí tiwa. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ará Èkìtì ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ẹbí nílé wọn. Bàbá tó bí bàbá wọn lọ sógun Kírìjì nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì padà mọ́. Ogun yẹn pẹ́ débi pé àwọn jagunjagun ń fẹ́yàwó nínú àgọ́. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn. Nígbà tó kú, Ìbídùn gbé oyún wá sílé àwọn àna rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, ó ní oyún ọmọ yín ni mo gbé wá. Wọ́n gbà á. Oyún yẹn ni bàbá Daddy Bùnmi. Ọkùnrin náà kò rí ojú ẹni tó bí i, ó sì ń ṣàárò ojú yẹn títí tó fi kú.

Nígbà tí mo ṣètò pé kí àwa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ wo pápá ogun Kírìjì, lọ́nà Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Daddy Bùnmi ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Láti Kétu títí dé ibẹ̀ ni mo ń bá wọn ṣàwàdà. Mo ní ká ní ìbọn tó ń dún kírìjì yẹn kò sí lọ́wọ́ àwọn ará Èkìtì ni, àwa Ìbàdàn ì bá ti kó wọn nílé kó wọn lóko. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ máa sọ ọ́ o. Ibẹ̀ la máa fi yín sílẹ̀ sí."

Nígbà tí a débẹ̀, koríko ni a rí, àti òkè, àti atẹ́gùn. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ń fi igi tọ́ka: ibí ni àgọ́ wà, ọ̀hún ni wọ́n ti ń yìnbọn bọ̀. Gbogbo wa ń fi fóònù ya ara wa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Daddy Bùnmi ti jókòó sínú koríko, wọ́n ti ṣí fìlà. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo súnmọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ní àwọn òyìnbó ń ya àwòrán ogun láyé ọjọ́un. Ṣé kò lè sí ọ̀kan tí ojú bàbá tó bí bàbá mi wà nínú rẹ̀?"

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́. Àwòrán ogun tiwa kò wọ́pọ̀, èyí tó sì wà, ẹnikẹ́ni kì í sábà kọ orúkọ jagunjagun sí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ìjọ ti dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi, èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan. Mo ní, "Màá wá a, Daddy."

Mo wá a lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo fi oṣù mẹ́rin wá a. Mo kọ̀wé síbí, mo béèrè lọ́hùn-ún. Mi ò rí nǹkan kan. Daddy Bùnmi kì í sì í béèrè. Bí a bá pàdé lẹ́nu géètì, wọ́n kàn máa ń wo ọwọ́ mi, bóyá mo gbé nǹkan dání.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi wà ní Mile 12 níbi tó ti ń ta ata, ilé dá. Mo wọ dàńṣíkí òfì kan tó ti gbó. Mo fi òwú àti yíǹkì ṣe irùngbọ̀n. Mo mú pẹ́ńsùlù tí ìyàwó mi fi ń kun ìpéǹpéjú, mo fi fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ilà wo? Àbàjà ni, bó ṣe wà lójú bàbá tó bí mi, èyí tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ilà tí mo ti ń wò láti kékeré ni ọwọ́ mi fà.

Mo gbé fóònù ka orí àpótí, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sé èémí, mi ò mira. Lẹ́yìn náà mo fi kọ̀ǹpútà sọ àwòrán náà di pípọ́n, mo mú kó ṣá, mo mú kó dà bí ohun tí wọ́n ti ha lára. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, mo rì í sínú tíì, mo sá a sórí ìdérí táńkì omi. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa aláwàdà, a kì í mọ ibi tó yẹ ká dúró. Mo mú gègé, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà pé, "Ọkọ Ìbídùn nìyí." Mo fẹ́ kó dùn sí i ni, bí ẹni pé ọkùnrin náà yà á láti fi ránṣẹ́ síyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an.

Daddy Bùnmi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀: mo pa ìtàn àpótí kan tí wọ́n ṣí nílé àgbàlagbà kan, bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n, bí mo ṣe rí orúkọ. Irọ́ ń yọ lẹ́nu mi bí omi.

Wọ́n fi àwòrán náà sí férémù, wọ́n gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Ayọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bi ara rẹ̀ léèrè irú ilà tó wà lójú náà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jáde láti iyàrá wá kí i. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tán, torí náà wọ́n á tẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n á ní ẹ káàárọ̀, bàbá mi. Èmi ni wọ́n ń kí. Èmi tí mo kéré sí àkọ́bí wọn. Aunty Bùnmi, àkọ́bí ọ̀hún tó ń tọ́jú wọn, nawọ́ sí i lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ wo imú ilé wa." Mo wo imú mi. Mo ní ó jọra púpọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti wọ ẹ̀wọ̀n. Mi ò lè dá irùngbọ̀n sí mọ́. Mi ò lè jókòó sábẹ́ àwòrán yẹn. Ìyàwó mi bá mi débẹ̀ nígbà kan, ó wò ó títí, ó ní, "Daddy Ṣeun, ọkùnrin yìí ń wò mí bí ẹni tó ti jẹ ọbẹ̀ mi rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ẹ̀yìn sí àwòrán náà.

À bá wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi kú, Màmá Ilé ni kò jẹ́. Màmá Ilé ni a ń pe ìbátan Daddy Bùnmi kan, ìran àbúrò jagunjagun yẹn. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wá láti ilé wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, mo wà ní pálọ̀, mo ń bá wọn ṣeré pé ẹ má wo gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rù má bà yín. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbójú sókè.

"Ta ni ará Ọ̀yọ́ tí ẹ gbé kọ́ yìí?"

Daddy Bùnmi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ojú rẹ ò tíì là tán. Bàbá wa àgbà nìyẹn."

"Bàbá wa báwo? Àbàjà rè é. Pélé ni wọ́n ń kọ nílé wa. Pélé ló wà lójú bàbá mi àti gbogbo àwọn tí mo bá. Ẹni tó ní irú ilà yìí, òdì kejì òkè ló wà nígbà ogun."

Daddy Bùnmi dìde, wọ́n yọ férémù, wọ́n ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún un kà. Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Nígbà tí bàbá wọn wà lọ́mọdé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pè é ní ọmọ ọ̀tá. Wọ́n ní ará òdì kejì ló fún Ìbídùn lóyún, ó wá fi orúkọ ẹni tó ti kú bo ara rẹ̀. Ìbídùn sẹ́ ẹ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bàbá wọn jà nítorí rẹ̀ títí eyín rẹ̀ iwájú fi kán. Ọ̀rọ̀ náà ti kú. Èmi ni mo jí i dìde. Ẹ̀rí tí àwọn ẹlẹ́gàn kò rí nígbà náà, èmi ni mo fi pẹ́ńsùlù ìyàwó mi ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹta, Daddy Bùnmi ránṣẹ́ pè mí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, èmi ni mo máa ń bá wọn kọ lẹ́tà. Wọ́n ti dojú férémù náà kọ ògiri. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ẹbí pé àwọn kì í ṣe ọmọ ilé náà, pé àwọn fi ipò olórí ẹbí sílẹ̀, kí ọmọ àwọn kankan má béèrè ilẹ̀, àti pé bí àwọn bá kú, Èkó ni kí wọ́n sin àwọn sí, kí wọ́n má gbé àwọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àwọn.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa, Tíṣà. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé mo ń bínú."

Mo ju gègé sílẹ̀. Mo ní, "Daddy, àwòrán yẹn kì í ṣe òótọ́."

Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ nítorí mi."

"Èmi ni mo ṣe é, Daddy. Ojú tèmi ni."

Wọ́n wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín. Àní nírú àsìkò yìí. Ẹ ṣáà máa kọ̀wé, ọmọ Ìbàdàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sì kọ lẹ́tà náà.

Ẹ lè ní kí n fi àwòrán àkọ́kọ́ hàn wọ́n. Wọ́n ti jí fóònù yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ ní Kétu, kọ̀ǹpútà náà sì ti kọṣẹ́. Ẹ lè ní kí n tún kun ojú mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá níwájú dígí. Nígbà tí mo fa ilà kejì, bàbá mi ni mo rí, ọwọ́ mi kọ̀. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún Aunty Bùnmi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, pé kí ẹnikẹ́ni má já Daddy láyà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni wọ́n ti ń kí láti ọdún mẹ́ta, ṣé àyà wọn á gbà á? Bí wọn ò bá sì mọ̀, wọ́n á kú bí ẹni tí kò nílé.

Láàárọ̀ òní wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò, kí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn lè ní ojú kan tí kò ní ìjà nínú. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun. Wọ́n jókòó, wọn ò mira, bí mo ṣe máa ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ ń ṣe. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní Sámúẹ́lì, orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún wọn, nìkan ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀. Kí n má fi orúkọ ilé kankan sí i.

Màmá Ilé ń padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ló máa mú lẹ́tà náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Daddy ni, tí wọn ò gbà mí gbọ́? Ṣé Aunty Bùnmi ni, tí yóò lé mi jáde? Àbí kí n bá Màmá Ilé lọ, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ láàrin gbogbo ẹbí wọn, kí wọ́n ṣe mí bó bá ṣe wù wọ́n? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá sì fẹ́ dárí jì mí, ẹ má tíì ṣe é. Ẹ bá mi bẹ Ìbídùn ná. Òtítọ́ ló fi ẹnu rẹ̀ sọ títí ó fi wọ ilẹ̀, kò sì sí ẹnu yẹn níbẹ̀ mọ́ láti tún un sọ.