Ohun Tí Mo Bù fún Àlàájà Sàfú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n ọmọ Àlàájà Sàfú pè mí láti Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ní Sáúdì ni mo ṣe nọ́ọ̀sì ní Jẹ́dà. Kìrìsítẹ́nì lèmi àti ọkọ mi. Yàrá wa la ti ń jọ́sìn ní ọjọ́ Jímọ̀ tí kò síṣẹ́, a ó ti ilẹ̀kùn pa. Wáìnì fún Oúnjẹ Olúwa kò sí ní títà, èèwọ̀ ni níbẹ̀, èmi ni mo wá ń ṣe é. Èso àjàrà gbígbẹ, ṣúgà àti ìwúkàrà ni. Kó tó hó tán, ọkọ mi á bu ọtí líle tí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń sè ní kọ̀rọ̀ sí i, kí adùn rẹ̀ má bàa lọ. Èyí tí mò ń wí ti lo ọdún mẹ́ta. Ó dúdú, ó dùn bíi ṣúgà tó jóná díẹ̀, ó sì ń mú àyà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Gálọ́ọ̀nù omi Sámúsámù ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Àlàájà Sàfú ló fún mi. Ó ń se oúnjẹ tà fún àwọn onímẹ́kà ní Jarwal, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Tí ọlọ́pàá bá ń kó èèyàn ní Mẹ́kà, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá. Torí Kìrìsítẹ́nì bíi tèmi ò lè wọ Mẹ́kà, á gbé omi mímọ́ náà wá fún mi. Á ní, "Kèfèrí mi, mu ún, kò ní pa ọ́."

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti bu ife kan mu nínú gálọ́ọ̀nù yẹn. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń kọrin. Ó ní, "Ìyá Ṣèyí, o ò sọ fún mi pé o mọ nàbíísì ṣe." Nàbíísì ni èso àjàrà tàbí dábínù tí àwọn Mùsùlùmí ń rẹ sómi mọ́jú. Ànábì mu ún, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Bí mo bá sọ òótọ́, tó bínú, tó sọ ọ́ síta, ẹ̀wọ̀n ni fún gbogbo wa. Mo ní, "Nàbíísì ni, Àlàájà."

Ẹ jọ̀ọ́, ti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń béèrè rẹ̀, èmi náà ń fi ife tíì kékeré bù ú fún un. Ọwọ́ mi yìí ni. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, inú mi ń dùn tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Á nu ẹnu, á dìde kírun, á sì gbàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù.

Ó ti wá darúgbó, kò jẹun mọ́. Ọmọ rẹ̀ ní nàbíísì Ìyá Ṣèyí nìkan ló ń béèrè.

Mo rẹ èso àjàrà sómi lánàá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò jọ ti ìjọ́sí. Bó bá ti kan ahọ́n Àlàájà, á mọ̀, á sì bi mí pé kí ni mo ń bù fún òun ní Jẹ́dà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí? Ṣé kí n sọ fún ìyá arúgbó pé mo ti da ìrun rẹ̀ rú, àbí kí n tún purọ́ fún un lórí ibùsùn? Ọ̀la ni mò ń lọ.