A Rán Alága Pé Kó Bá Wa Wí

Nínú ọkọ̀ Lalupon tó ń dúró de èrò ní Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó jókòó sẹ́yìn mi. Ọ̀kan ti dàgbà, èkejì ń ṣiṣẹ́ agbálẹ̀.

"Alága ẹgbẹ́ yín ti rí ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́?"

"Ó ti rí i, Màmá. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí, a ṣe bí ìjà wa ló ń jà. Nígbà tó máa jáde, ó ń fi igi tayín."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní a ti ń ṣàṣejù. Ó ní ṣé ìyá wa fi ìbọ̀wọ́ gbálẹ̀ rí ni? Ó ní ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá."

"Ọwọ́ ara yín lẹ sì fi dìbò fún un!"

"Ọwọ́ yìí náà ni, Màmá, èyí tí àfọ́kù ìgò gé yìí."

"Kí lẹ tiẹ̀ ní kó lọ ṣe?"

"A ní kó bá wa wí ni."

"Ṣé kò wá bá yín wí ni? Ó bá yín wí dáadáa! Ẹni tẹ́ ẹ bá tún máa yàn, ẹ là á yé e pé ọ̀gá ni kó lọ bá wí."